Ṣé Okùn Gòjé Ló Dẹ́ṣẹ̀?

Ní àgbègbè Akínyẹlé, láti Ajíbódé títí dé Mọ́níyà, bí àwọn onísákárà àgbà bá jókòó níbi ìsọmọlórúkọ, ìbéèrè kan kì í pẹ́ yọjú: ṣé orin yìí bá ẹ̀sìn mu? Irú àwọn àgbà bẹ́ẹ̀ kì í sábà fi orin jẹun. Ẹlòmíràn ń roko, ẹlòmíràn ń ránṣọ. Ọjọ́ ìnáwó ni wọ́n ń gbé ohun èlò jáde. Síbẹ̀ ọ̀dọ́ ààfáà kan lè ní harámù ni ohun èlò olókùn, kó sì fìbínú jáde kí ìrẹsì tó jinná. Ìyà ńlá gbáà!

Gòjé ló ń dá àríyànjiyàn yìí sílẹ̀. Ọ̀dọ̀ àwọn Haúsá ló ti wá. Igbá ni ara rẹ̀, awọ awọ́nríwọ́n ni wọ́n sábà fi ń bo ojú rẹ̀. Irun ìrù ẹṣin ni okùn rẹ̀, irun ìrù ẹṣin náà ló sì wà lára ọrun tí wọ́n fi ń fà á. Bí akọrin bá ti sọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀, gòjé á gbà á lẹ́nu rẹ̀, á fà á gùn bí ẹni tó ń sunkún òkú. Sákárà fúnra rẹ̀, ìlù pẹlẹbẹ tí wọ́n fi amọ̀ mọ, tí wọ́n fi awọ ewúrẹ́ bò, á máa dáhùn nísàlẹ̀.

Ààfáà náà kò sọ̀rọ̀ lásán o. Hádíìsì kan wà nínú àkójọ Bukhari tó ka ohun èlò orin mọ́ àgbèrè, sílíkì àti ọtí. Àmọ́ Ibn Hazm, onímọ̀ ará Andalúsíà tó kú ní 1064, ní ẹ̀wọ̀n àwọn tó gba hádíìsì náà sọ já láàárín. Ọ̀rọ̀ onímọ̀ mìíràn, al-Ghazali, tó kú ní 1111, ló tilẹ̀ jinlẹ̀ jù. Òun náà ka ohun èlò olókùn léèwọ̀, ṣùgbọ́n ó ṣàlàyé ìdí rẹ̀: àwùjọ ọ̀mùtí ni wọ́n mọ̀ ọ́n mọ́. Kì í ṣe adùn rẹ̀ ló ń bá wí, torí bó bá jẹ́ adùn ni, orin ẹyẹ náà ì bá di èèwọ̀.

Tó bá jẹ́ pé àwùjọ ló kó ẹ̀gbin bá okùn, kí la fẹ́ sọ nípa àwùjọ tó jẹ́ pé omi àti mínírà ló wà lórí tábìlì, tí orúkọ Ọlọ́run sì ṣáájú orin? Láàárín àwọn Mùsùlùmí Èkó àti Abẹ́òkúta ni sákárà ti gbilẹ̀. Abíbù Olúwa, olórin sákárà tí àwo rẹ̀ ti jáde ṣáájú Ogun Àgbáyé Kejì, Oníwàásù ni wọ́n ń pè é. Abẹ́ rẹ̀ ni Lefty Salami àti Yusuf Ọlátúnjí tó kú ní 1978 ti jáde. Àwọn Kristẹni náà ní Sáàmù 150, tó ní ká fi ohun èlò olókùn yin Ọlọ́run, kò sì ní kí pásítọ̀ má bẹnu àtẹ́ lu orin jùjú.

Ibi tó ti yẹ kí wàásù gbóná ni oríkì olówó. Abíbù Olúwa kọrin kí Herbert Macaulay, ẹni tó sì mọ iṣẹ́ tí Macaulay ṣe kò ní jiyàn. Ẹni tí kò ṣe nǹkan kan ńkọ́, tó kàn lẹ owó mọ́ akọrin níwájú orí, tó wá di baba ìlú lójú ẹsẹ̀? Òfin Báǹkì Àpapọ̀ ti 2007 ti sọ fífọ́n náírà lóde ijó di ẹ̀ṣẹ̀, àmọ́ ta ló ń gbọ́? Ẹni tí oko ń dúró dè lọ́la ló rọrùn fún jù láti má purọ́ yin olè. Ìdí rèé tí àwọn àgbà tí kì í fi orin jẹun fi sàn lójú ẹ̀sìn ju ọ̀pọ̀ gbajúmọ̀ olórin lọ, gòjé ì báà wà lọ́wọ́ wọn.

Ẹ̀yin ààfáà wa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ inú orin náà tán kẹ́ ẹ tó dájọ́. Bí irọ́ bá wà níbẹ̀, ẹ bá akọrin wí, kẹ́ ẹ sì fi onígòjé sílẹ̀.