Ẹlẹ́rìí Ni Etí: Ǹjẹ́ Ó Yẹ Kí A Gbé Gbohùngbohùn Lọ sí Ojú Sánmà?

Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà, wọ́n sì tún ní ìròyìn kò tó àfojúbà. Ẹnìkan kò lè bá wọn jiyàn. Ṣùgbọ́n, ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí àti ẹ̀yin òbí wa, ẹ jẹ́ kí a bi ara wa léèrè: ṣé ojú nìkan ni Ọlọ́run fún ọmọ ènìyàn láti fi mọ ohun tí ó ń lọ? Ọ̀gá ahunṣọ ní Ìsẹ́yìn kò ní láti bojú wẹ̀yìn kí ó tó mọ̀ pé ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ti fi òfì sílẹ̀. Ìró òfì tí ó dákẹ́ ti sọ fún un. Ìyá tí ó fẹ́ ra ìkòkò amọ̀ lọ́jà Ṣakí yóò wò ó yípo, lẹ́yìn náà yóò fi ìka lù ú, yóò sì tẹ́tí. Bí ìkòkò náà bá ti sán, ìró rẹ̀ yóò tú àṣírí tí ojú kò rí.

Ohun tí ó mú mi sọ èyí ni ìbéèrè kan tí ó ti wà láàárín àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì fún ìgbà pípẹ́. Bí a bá rán rọ́bọ́ọ̀tì lọ sí pílánẹ́ẹ̀tì mìíràn, ojú ni a máa ń kọ́kọ́ fún un, ìyẹn kámẹ́rà. Ǹjẹ́ ó yẹ kí a fún un ní etí pẹ̀lú?

Àwọn ará Soviet ló kọ́kọ́ dán an wò. Ní oṣù kẹta ọdún 1982, ọkọ̀ wọn méjì, Venera 13 àti Venera 14, gbé gbohùngbohùn dé orí Venus. Ní ọdún 1996, tí í ṣe ọdún tí ó kú, ọ̀jọ̀gbọ́n Carl Sagan ará Amẹ́ríkà kọ lẹ́tà sí NASA láti bẹ̀ wọ́n kí wọ́n gbé gbohùngbohùn lọ sí Mars. Wọ́n fi ọ̀kan sínú Mars Polar Lander, ṣùgbọ́n ọkọ̀ náà sọnù ní ọdún 1999 nígbà tí ó fẹ́ gúnlẹ̀. Phoenix tí ó dé Mars ní ọdún 2008 ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò tan án nígbà tí ọkọ̀ náà ń sọ̀ kalẹ̀, nítorí ẹ̀rù ń bà wọ́n kí ó má ba ìgúnlẹ̀ jẹ́. Ọjọ́ 18 oṣù kejì ọdún 2021 ni Perseverance gúnlẹ̀ sí Mars pẹ̀lú gbohùngbohùn méjì. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, gbogbo ayé gbọ́ bí afẹ́fẹ́ ṣe ń fẹ́ níbẹ̀.

Kí ni etí yìí wá gbọ́ tí ojú kò rí? Rọ́bọ́ọ̀tì náà máa ń ta ìtànṣán líle kan tí à ń pè ní lésà sí ara òkúta. Òkúta yóò ró pàrà, àwọn onímọ̀ yóò sì fi ìró náà mọ̀ bóyá ó le tàbí ó rọ̀. Ẹ ò rí i pé ọgbọ́n ìyá tí ó ń ra ìkòkò náà ni! Afẹ́fẹ́ Mars fẹ́lẹ́ púpọ̀. Agbára rẹ̀ kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún tiwa. Níbí, ìró máa ń rìn ní nǹkan bí mítà 340 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ní Mars, nǹkan bí mítà 240 ni. Ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2022 tún fi hàn pé ìró tín-ín-rín ń yá díẹ̀ níbẹ̀ ju ìró ńlá lọ. Ká ní a lè gbé agbo onídùndún lọ síbẹ̀ ni, ohùn omele ì bá ṣáájú ohùn ìyáàlù dé etí ẹni tí ó dúró lókèèrè. Kò sí àwòrán kan tí ì bá sọ ìyẹn fún wa.

Ẹ̀yin ará Òkè-Ògùn mọ ààjà tí ó máa ń ko ìyẹ̀pẹ̀ àti ewé gbígbẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹsàn-án ọdún 2021, irú ààjà bẹ́ẹ̀ gba orí Perseverance kọjá nígbà tí gbohùngbohùn wà ní títàn. Ó gbọ́ bí atẹ́gùn ṣe kọ́kọ́ le, bí ó ṣe rọlẹ̀ nígbà tí àárín ààjà dé, àti bí ó ṣe tún padà le. Ó tún gbọ́ bí hóró iyanrìn ṣe ń ta ba ara rọ́bọ́ọ̀tì náà.

Ṣùgbọ́n ẹnìkan lè dìde kí ó sọ pé: "Kànga wa ń gbẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ̀yin ń sọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ Mars. Ṣé kì í ṣe ìnákúnàá tí ẹ̀sìn wa kọ̀ nìyẹn?" Ìbéèrè gidi ni, kò sì yẹ kí a fi rẹ́rìn-ín. Iṣẹ́ Perseverance lápapọ̀ gba nǹkan bíi bílíọ̀nù 2.7 owó dọ́là, ẹni tí ó bá sì sọ pé ó pọ̀ jù ní ẹ̀tọ́ láti sọ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ etí kọ́ ló jẹ owó náà. Ọ̀kan nínú gbohùngbohùn méjèèjì jẹ́ irú èyí tí àwọn tí ń gba orin sílẹ̀ ń rà lọ́jà. Bí ènìyàn bá rin ìrìn àjò láti Ṣakí dé Ìbàdàn láti lọ gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu àgbà, tí ó wá fi òwú di etí nígbà tí ó dé ọ̀hún, ṣé òwú náà ló dín ìnáwó rẹ̀ kù? Ibi tí ó ti gbọ́dọ̀ ṣọ́ra ni kí etí má ba iṣẹ́ tí wọ́n rán an jẹ́, ìdí nìyẹn tí n kò fi dá àwọn tí wọn kò tan ti Phoenix lẹ́bi.

Al-Kùránì Alápọ̀n-ọ́nlé pàápàá dárúkọ ìgbọ́ràn ṣáájú ìríran nínú Súrà An-Nahl, ẹsẹ 78; Súrà Al-Isrá, ẹsẹ 36, sì kìlọ̀ fún wa pé a ó bi etí, ojú àti ọkàn léèrè. Àmánà ni etí, ẹlẹ́rìí sì ni. Ẹlẹ́rìí kò sì gbọdọ̀ máa ṣi orúkọ pè.

Ibí ni ọ̀rọ̀ náà ti kàn wá jù. Ní ọdún 1977, Amẹ́ríkà rán ọkọ̀ Voyager méjì jáde, wọ́n sì fi àwo orin aláwọ̀ wúrà sí ara wọn. Ìkíni ní èdè 55 wà nínú rẹ̀. Èdè Lárúbáwá wà níbẹ̀, Yorùbá kò sí. Ìlù kan láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà wà níbẹ̀ pẹ̀lú, wọ́n sì kọ ọ́ sínú àkọsílẹ̀ wọn pé láti Senegal ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn Máhì ní orílẹ̀-èdè Benin, aládùúgbò àwọn Yorùbá ibẹ̀, ló ni ín. Charles Duvelle, ará Faransé, ló gbà á sílẹ̀ ní ọdún 1963. Ó di ìgbà tí wọ́n tún àwo náà ṣe jáde ní ọdún 2017 kí orúkọ tòótọ́ tó hàn, lẹ́yìn ogójì ọdún. Láti Ṣakí wa yìí, ẹnubodè Benin kò jìnnà. Ẹ wò ó o: a mọ ọjọ́ àti ibi tí ààjà kan ti kọjá ní Mars, ṣùgbọ́n ayé kò mọ orúkọ àwọn tí ń lùlù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa.

Nítorí náà, ìdáhùn mi ni pé ó yẹ kí a gbé etí lọ sí ojú sánmà, níwọ̀n ìgbà tí a bá gbọ́ ìró tí a sì kọ ọ́ sílẹ̀ bí ó ti rí. Òfin kan náà ló sì de àwa tí fóònù wà lọ́wọ́ wa. Ẹ gba ohùn àwọn àgbà wa sílẹ̀: ìtàn ìlú, wáàsí àwọn àlùfáà àgbà, orin wákà àwọn ìyá wa, ìró òfì Ìsẹ́yìn. Ẹ kọ́kọ́ tọrọ àyè lọ́wọ́ wọn, nítorí ẹni tí ó fi fóònù jí ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ gbọ́ ti ṣẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ orúkọ wọn, ìlú wọn àti ọjọ́ náà sí i, kí ẹnikẹ́ni má bàa fi ohùn baba wa fún ará ibòmíràn. Kí Ọlọ́run fún wa ní etí tí ń gbọ́ òtítọ́ àti ọwọ́ tí ń kọ ọ́ bí ó ti rí. Àmín.