Òṣìṣẹ́ Wà Lóòrùn

Àwọn àgbà ní òṣìṣẹ́ wà lóòrùn, ẹni tí yóò jẹ ẹ́ wà níbòòji. Lọ́dún 1913, nílùú Wheatland ní California, l'Ámẹ́ríkà, òwe yìí ṣẹ, ó sì mú ẹ̀mí lọ.

Hops ni wọ́n ń gbìn níbẹ̀, ìtàkùn tó ń gun òpó, tí òdòdó rẹ̀ ń mú kí bíà korò. Bí wọ́n bá ti ń bomi rin ín, ilẹ̀ gbígbẹ bá a mu, torí ebu kì í fi bẹ́ẹ̀ bà á jẹ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà náà, ọwọ́ ni wọ́n fi ń já a, ìgbà tí oòrùn sì mú gan-an ni ìkórè rẹ̀.

Ralph Durst tó loko kéde káàkiri pé òun ń wá òṣìṣẹ́. Nǹkan bí 1,500 ni iṣẹ́ náà gbà. Bí 2,800 ló dé, tọmọdé tàgbà. Bí èrò bá sì pọ̀ ju iṣẹ́ lọ, owó ọ̀yà á já wálẹ̀. Sẹ́ǹtì 90 ló ń san lórí ọgọ́rùn-ún pọ́n-ùn. Sẹ́ǹtì 10 mìíràn wà, àfi ẹni tó bá dúró parí ìkórè ló ń rí i gbà. Ilé ìyàgbẹ́ kéréje ni gbogbo wọn ń dù. Kò sí omi mímu nínú oko, ìbátan olóko ló ń ta omi ọsàn wẹ́wẹ́, sẹ́ǹtì 5 ife kan. Ìgbẹ́ gbuuru àti ibà wọ inú àgọ́.

Àwọn òṣìṣẹ́ yan Richard Ford ṣe aṣojú. Wọ́n béèrè owó tó sàn, omi nínú oko, àti ilé ìyàgbẹ́ tó mọ́. Durst gbà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó kọ ti owó. Lọ́jọ́ 3 oṣù kẹjọ, àwọn agbófinró wá mú Ford láàárín ìpàdé. Ọ̀kan nínú wọn yìnbọn sókè kí èrò lè dákẹ́. Ìjà ló bẹ́ sílẹ̀. Ènìyàn 4 kú: agbẹjọ́rò ìjọba Edmund Manwell, agbófinró Eugene Reardon, àti òṣìṣẹ́ 2. Ford àti Herman Suhr, tí wọ́n jọ ṣáájú àwọn òṣìṣẹ́, gba ẹ̀wọ̀n gbére lórí ọ̀rọ̀ náà. Ẹ̀yìn ìyẹn ni ìjọba wá ń yẹ àgọ́ òṣìṣẹ́ oko wò.

Nílẹ̀ wa, ẹni tó bá pe ọ̀wẹ̀ mọ̀ pé oúnjẹ àti omi àwọn tó wá ràn án lọ́wọ́ wà lọ́rùn òun. Ẹ̀yin tí ẹ ń gba lébìrà lónìí, ẹ má fi owó ọ̀yà yọ ara yín kúrò nínú ojúṣe yẹn. Ẹ gbé omi dé oko kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ sì tètè gbọ́ ẹjọ́ wọn nígbà tó ṣì jẹ́ ẹjọ́ ẹnu.