Ta Ló Mọ Fóònù Tó Dára?

Lára páálí Tecno Spark 20, fóònù tó jáde ní ìparí ọdún 2023, 16GB ni wọ́n ń pariwo pé RAM rẹ̀ jẹ́. Ẹni tó bá wádìí dáadáa yóò rí i pé 8GB péré ni RAM tó wà nínú ẹ̀rọ náà. Ńṣe ni wọ́n ń yá 8GB yòókù lọ́wọ́ ibi ìkópamọ́, níbi tí fọ́tò àti fídíò ń gbé, ibẹ̀ kò sì yára tó RAM rárá. Kì í ṣe irọ́, kì í sì í ṣe òótọ́ tán. Spark 20 nìkan kọ́ ló ń dá irú ọgbọ́n yìí. Infinix ń ṣe é, Samsung náà ní tirẹ̀ tó pè ní RAM Plus. Kámẹ́rà 50MP tí ọ̀pọ̀ wọn fi ń fọ́nnu pẹ̀lú, fọ́tò bíi 12MP ló sábà máa ń gbé jáde, torí pé ẹ̀rọ náà máa ń pa ojú kéékèèké mẹ́rin pọ̀ di ẹyọ kan kí àwòrán lè mọ́lẹ̀ sí i.

Ẹni tó bá fẹ́ ra iṣu lọ́jà Atakpamé, nílẹ̀ Tógò, á fọwọ́ tẹ̀ ẹ́, á gbé e wò bóyá ó wúwo, á yẹ orí àti ìdí rẹ̀ wò bóyá ó ti ń rà, kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ná an. Fóònù kò gbà bẹ́ẹ̀. Inú páálí tí wọ́n fi ọ̀rá dì pinpin ló wà, ẹni tó bá sì já ọ̀rá náà ti rà á. Láti January 2023, owó oṣù tó kéré jù lọ tí òfin Tógò fọwọ́ sí jẹ́ 52,500 fráǹkì CFA. Fóònù àárín, èyí tí kì í ṣe ti olówó tí kì í sì í ṣe fóònù tọ́ọ̀ṣì, lè kọjá owó oṣù yẹn dáadáa. Ẹni tó ń san irú owó bẹ́ẹ̀ lórí ohun tí kò tíì fọwọ́ kàn, kí ló mọ̀ gan-an nípa rẹ̀?

Ní ọdún 1986, Barry Hallen àti J. Olubi Sodipo, àwọn méjèèjì tí wọ́n ti kọ́ni ní ìmọ̀ ọgbọ́n-orí ní Yunifásítì Ifẹ̀, tẹ ìwé kan jáde tí wọ́n pè ní Knowledge, Belief and Witchcraft. Àwọn oníṣègùn nílẹ̀ Èkìtì ni wọ́n lọ jókòó tì, tí wọ́n ń bi wọ́n léèrè ọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ohun tí àwọn àgbà náà là sílẹ̀ le ju ti ọ̀pọ̀ onímọ̀ Yúróòpù lọ. Ohun tí ènìyàn fi ojú ara rẹ̀ rí, tí ọkàn rẹ̀ sì jẹ́rìí sí, òun nìkan ni wọ́n kà sí ìmọ̀. Gbogbo ìyókù, ìbáà jẹ́ ohun tí tíṣà sọ ní kíláàsì tàbí ohun tí wọ́n kà nínú ìwé, ìgbàgbọ́ ló jẹ́, títí ẹni náà yóò fi rí àyè dán an wò.

Bí wọ́n bá gbé òdiwọ̀n yìí lọ sí ọjà fóònù, páálí di ìgbàgbọ́. Fídíò tí ẹnì kan ṣe ní Lọ́ńdọ̀nù láti fi yìn ín tàbí láti fi bù ú, ìgbàgbọ́ ni. Ọmọkùnrin tó ń tà á létí títì, tó ń wí pé, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ fọkàn balẹ̀, ọjọ́ méjì gbáko ni bátìrì yìí á gbé,” ìgbàgbọ́ ni tirẹ̀ náà, èyí tó ní èrè lórí.

Ẹnì kan lè sọ pé òfin àwọn oníṣègùn yìí ti le jù fún ayé òde òní. Ta ló máa dán gbogbo fóònù wò? Ẹ̀rọ ló wọn bátìrì tí wọ́n fi kọ 5000 mAh sí i. Ẹnì kan rí i níbi tí wọ́n ti wọ̀n ọ́n. Òótọ́ ni. Àmọ́ ẹni tó rí i, Shenzhen ní ilẹ̀ Ṣáínà ló wà nígbà tó rí i. Kí nọ́ńbà náà tó dé Atakpamé, ó ti kúrò ní ìmọ̀, ibẹ̀ sì ni àlàyé àwọn àgbà Èkìtì ti wúlò jù lọ: wọn kò sọ pé ìgbàgbọ́ burú, wọ́n ní kí ènìyàn má ṣe pè é ní ohun tí kì í ṣe.

Atakpamé kì í jẹ́ kí irú ìgbàgbọ́ bẹ́ẹ̀ pẹ́ kó tó ko ìdánwò. Orí òkè ni ìlú náà wà, nǹkan bíi 160 kìlómítà sí àríwá Lomé, olú ìlú Tógò. Àwọn Ifẹ̀, tí àwọn mìíràn ń pè ní Ana, tí wọ́n sọ pé Ilé-Ifẹ̀ ni àwọn ti ṣẹ̀, ń gbé ibẹ̀ àti Anié, títí wọ ilẹ̀ Benin. Òkè a máa dí nẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ́nà. Ẹni tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀ kún dẹ́dẹ́ ní iwájú ilé lè sọ̀ kalẹ̀ dé àfonífojì kó má rí ju ọ̀pá kan lọ. Nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá rẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀, agbára tí fóònù fi ń ké sí òpó á pọ̀ sí i, bátìrì á sì tètè gbẹ. Spark 20 àti Samsung Galaxy A15, 5000 mAh kan náà ni wọ́n kọ sí lára, ṣùgbọ́n òkè àti òpó ló ń pinnu iye wákàtí tí oníkálukú yóò rí lò.

Ìdí nìyí tí SIM méjì kì í fi í ṣe fáàrí níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ní Yas, tí wọ́n ń pè ní Togocom tẹ́lẹ̀, ní ojú kan, tí wọ́n fi Moov Africa sí ojú kejì. Ilé-iṣẹ́ Transsion ti Shenzhen, tó ni Tecno, Itel àti Infinix, ló kọ́kọ́ fi èyí ṣe iṣẹ́ gidi nílẹ̀ Áfíríkà: SIM méjì, bátìrì tó pẹ́, kámẹ́rà tó mọ àwọ̀ dúdú yà. Ẹni tó bá ń bú wọn nítorí 16GB gbọ́dọ̀ fún wọn ní ìyìn yìí, torí pé wọ́n wo bí àwọn ènìyàn ṣe ń lo fóònù níhìn-ín kí wọ́n tó ṣe é. Ti 5G yàtọ̀. Lomé ni Togocom ti ṣí i ní November 2020. Ará abúlé ní Ogou, agbègbè tí Atakpamé wà, tó bá san àfikún owó torí rẹ̀ ra ohun tí òpó tó wà nítòsí rẹ̀ lè má ní.

Iná tún ńkọ́? Ní December 2017 ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ ètò CIZO, tí ilé-iṣẹ́ BBOXX àti àwọn mìíràn fi ń gbé ẹ̀rọ iná oòrùn wọ abúlé, tí àwọn onílé sì ń san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láti orí fóònù. Fóònù ń sanwó oòrùn, oòrùn ń ṣáájì fóònù. Níbi tí irú ètò bẹ́ẹ̀ wà, ṣájà tó yára bí àṣá kò fi bẹ́ẹ̀ já mọ́ nǹkan kan, torí pé ẹ̀rọ oòrùn kékeré kò lè fún un ní agbára tó ń béèrè.

Ìdánwò kan wà tí kò sí lára páálí kankan, bẹ́ẹ̀ kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ: kí ẹni tó fẹ́ ra fóònù tẹ orúkọ ara rẹ̀ sí i. Bọ́tìnnì Yorùbá tó wà nínú Gboard, ohun tí ọ̀pọ̀ fi ń tẹ ọ̀rọ̀ sórí fóònù, ní ẹ, ọ àti ṣ. Àmọ́ àwọn tó ń kọ èdè Ifẹ̀ ní Tógò, ɛ àti ɔ ni wọ́n ń lò, bí àwọn Ewe ṣe ń lò ó, nítorí náà bọ́tìnnì Ewe lè ràn wọ́n lọ́wọ́ ju ti Yorùbá lọ. Àmì ohùn tún wà lórí ọ̀rọ̀ náà. Lórí fóònù mìíràn, àmì á fò kúrò lórí lẹ́tà rẹ̀ lọ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́. Fóònù tí kò lè kọ orúkọ ẹni tó ni ín kò tíì pé fún lílò ojoojúmọ́, bó ti wù kí ojú rẹ̀ dán tó.

September 2017 náà jẹ́ ìdánwò, èyí tí ẹnikẹ́ni kò bẹ̀bẹ̀ fún. Ìjọba Tógò pa íntánẹ́ẹ̀tì nígbà ìwọ́de, Kóòtù ECOWAS sì dájọ́ ní June 2020 pé kò bófin mu. Láàárín ìgbà tó fi kú, ohun tó kù nínú fóònù olówó ńlá kò ju ìpè, tọ́ọ̀ṣì, kámẹ́rà àti rédíò lọ, bí ó bá tilẹ̀ ní rédíò.

Fóònù pàápàá a máa ṣe ìdájọ́ ẹni tó ni ín. Ní April 2020, nígbà tí Kòrónà sé ọjà mọ́ àwọn ènìyàn, ìjọba Tógò dá ètò Novissi sílẹ̀, Cina Lawson sì ni mínísítà tó wà nídìí rẹ̀. Ẹni tó bá tẹ *855#, tó fi nọ́ńbà káàdì ìdìbò rẹ̀ sílẹ̀, tó sì yẹ, owó á wọ inú fóònù rẹ̀: 12,250 fráǹkì lóṣù fún obìnrin, 10,500 fún ọkùnrin. Kò béèrè íntánẹ́ẹ̀tì. Fóònù tọ́ọ̀ṣì tó kéré jù lọ ṣe é láìsí wàhálà.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ na ètò náà dé àwọn kántọ́ọ̀nù (ìpín agbègbè) 100 tó tòṣì jù, àwòrán sátẹ́láìtì ni wọ́n fi wá wọn. Wọ́n wá fi bí oníkálukú ṣe ń pè, bó ṣe ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ àti bó ṣe ń ná owó orí fóònù díwọ̀n ẹni tó ṣaláìní jù láàárín wọn. Joshua Blumenstock ti Yunifásítì California ní Berkeley wà lára àwọn tó ṣiṣẹ́ náà, àbájáde rẹ̀ sì jáde nínú Nature ní 2022. Ọ̀nà náà dín fífo àwọn aláìní dá kù ní ìdá 4 sí 21 nínú 100, ní ìfiwéra pẹ̀lú fífi àdúgbò ṣe òdiwọ̀n. Ìwádìí kan náà fi hàn pé bí ìlú bá ní àkọsílẹ̀ kíkún nípa àwọn ará rẹ̀, àkọsílẹ̀ náà ì bá ṣì sàn ju fóònù lọ. Oníṣègùn Èkìtì á ní ìgbàgbọ́ ni gbogbo rẹ̀, nítorí ẹ̀rọ kò fojú rí aláìní kankan. Àmọ́ inú rẹ̀ ì bá dùn sí ohun kan: àwọn olùwádìí náà bi ọ̀pọ̀ ènìyàn léèrè bí wọ́n ṣe ń gbé, wọ́n sì fi ìdáhùn wọn wọn ohun tí ẹ̀rọ sọ.

Nítòsí Atakpamé kan náà, ní Kamina, ni ẹ̀rọ kan tó lágbára púpọ̀ wà nígbà kan rí. Àwọn Jámánì kọ́ ilé-iṣẹ́ rédíò kan síbẹ̀ láàárín 1911 sí 1914. Telefunken ló ni iṣẹ́ náà, Baron Anton Codelli, ará Ljubljana, ló ṣe kòkáárí rẹ̀, ó sì ń bá Nauen lẹ́bàá Berlin sọ̀rọ̀, ibi tó jìn ju 5,000 kìlómítà lọ. Bí wọ́n bá kọ agbára rẹ̀ sára páálí, kò sí fóònù tó tó o. Kò pẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni ogun bẹ́ sílẹ̀, ní òru 24 sí 25 August 1914 sì ni àwọn Jámánì fi ọwọ́ ara wọn fọ́ ọ, kó má baà bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé. Àwókù rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Wọn kò kọ́ ọ kí ará Gnagna tàbí Djama, àwọn àdúgbò ní Atakpamé, lè fi kí ènìyàn rẹ̀ ní Anié. Spark 20 tí bátìrì rẹ̀ ti ń rẹ̀ ń ṣe èyí láràárọ̀.

Ọ̀ràn ìgbà ló wá ṣòro jù. Galaxy A15 náà jáde ní December 2023, Samsung sì ṣèlérí pé Android rẹ̀ yóò di tuntun ní ẹ̀ẹ̀mẹrin, pé ààbò rẹ̀ yóò sì máa wọlé fún ọdún márùn-ún. Fún Spark 20, kò sí ìlérí tó gùn tó bẹ́ẹ̀. Fún akẹ́kọ̀ọ́ École Normale Supérieure ní Atakpamé tó fẹ́ lo fóònù kan títí yóò fi gbaṣẹ́ tíṣà, ìyàtọ̀ yìí tóbi ju 8GB tí wọ́n yá lọ.

Ó tún lè ra àlòkù lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀, ẹni tó ti lò ó lórí òkè kan náà, tó lè sọ ibi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀ ti ń já àti aago tí bátìrì rẹ̀ ń kú. Ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ súnmọ́ ìmọ̀ ju ti páálí lọ, ṣùgbọ́n ó ti jẹ lára ọdún tí fóònù náà ní. Tàbí kó bẹ ọ̀rẹ́ tó ní irú rẹ̀ pé kó jẹ́ kí òun ki SIM tòun bọ̀ ọ́, kó gun zémidjan, ìyẹn ọ̀kadà, láti òkè dé ọjà, kó tẹ orúkọ rẹ̀, kó fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ sílé, kó sì wo ohun tó kù nínú bátìrì nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú. Ìyẹn yóò sọ ti òní fún un. Ní ti ọdún karùn-ún, Samsung fúnra rẹ̀ kò tíì fojú rí i.