Orí, Ẹsẹ̀ àti Ìgbaradì: Kí Ni Ó Ń Yan Ọ̀dọ́ fún Eré Olórin?

Kí ọ̀dọ́ tó lè kópa nínú eré olórin, ìbáà jẹ́ ti ilé-ìwé, ti ìjọ tàbí ti ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, ó ní láti kọ́kọ́ dúró níwájú àwọn àgbà tí yóò gbọ́ ohùn rẹ̀, tí yóò wo ijó rẹ̀, tí yóò sì ní kí ó sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ẹlòmíràn ni. Wọ́n á mú àwọn kan, wọ́n á sì ní kí àwọn kan máa lọ sílé. Ní Ṣakí, ní Ìsẹ́yìn àti ní àwọn ìlú Òkè-Ògùn yòókù, mùsùlùmí, onígbàgbọ́ àti ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ lè jọ máa gbé nínú agboolé kan, nítorí náà ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n á gbà ṣàlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀. Baba àgbà á ní orí ọmọ náà ló gbè é. Àfáà á ní kádàrá ni. Pásítọ̀ á ní ìfẹ́ Ọlọ́run ló ṣẹ. Ìbéèrè tó wà lábẹ́ àlàyé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò ju ọ̀kan lọ: bí a bá ti pinnu ẹni tí yóò wọlé láti ọ̀run, kí ni ọ̀dọ́ ń gbára dì fún?

Ìbéèrè yìí kò lè jẹyọ láyé àtijọ́ bó ṣe ń jẹyọ lónìí, nítorí pé ìbí ló ń yan òṣèré nígbà náà. Ìtàn eré ṣíṣe nílẹ̀ Yorùbá kò sì jìnnà sí Òkè-Ògùn. Lẹ́yìn tí àwọn Tápà ti lé àwọn Ọ̀yọ́ kúrò nílé, Ìgbòho ni wọ́n fi ṣe olú-ìlú ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, Aláàfin mẹ́rin ló sì jọba níbẹ̀. Ẹni ìkẹyìn nínú wọn ni Abípa. Ìwé ìtàn Samuel Johnson, tó jáde ní 1921, sọ pé Abípa fẹ́ kó ìlú padà sí Ọ̀yọ́ Ilé, ṣùgbọ́n àwọn Ọ̀yọ́ Mèsì kò fẹ́. Ìjòyè kọ̀ọ̀kan wá ẹni tí ara rẹ̀ yàtọ̀ sí ti ẹlòmíràn, abuké, àfín, adẹ́tẹ̀, aràrá, arọ, wọ́n sì rán wọn lọ sórí òkè ní Ọ̀yọ́ Ilé, kí wọ́n máa ṣe bí iwin lóru, kí ẹ̀rù lè ba àwọn ìránṣẹ́ ọba. Ọba gbọ́ àṣírí náà, ó rán àwọn ọdẹ, wọ́n sì mú àwọn iwin wọ̀nyí láàyè. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń pe Abípa ní Ọba Mọ́rọ̀, ọba tó mú iwin. Joel Adédèjì, tó ṣe ìwádìí ìjìnlẹ̀ lórí eré alárìnjò ní Yunifásítì Ìbàdàn, ka ìtàn yìí mọ́ àwọn orísun eré egúngún aláré.

Nínú ìtàn náà, kò sí ẹni tó dán ẹnikẹ́ni wò. Bí ara wọn ṣe rí ni wọ́n fi yàn wọ́n. Nígbà tí eré wá di iṣẹ́, ọwọ́ àwọn agboolé eléégún tí à ń pè ní Ọ̀jẹ̀ ló wà, àwọn tó ń júbà Ológbìn-ín Ológbojò gẹ́gẹ́ bí aṣáájú wọn. Ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀ ti mọ̀ pé òun yóò kọ́ ẹ̀sà, òun yóò jó bàtá, òun yóò sì tàkìtì. Síbẹ̀ ìbí nìkan kò tó. Ní 1826, nígbà tí Hugh Clapperton, arìnrìn-àjò òyìnbó, wà ní Ọ̀yọ́ Ilé, àwọn aláré ṣeré níwájú Aláàfin. Ó rí àwọn tó ń ta kítí nínú àpò, ó rí ẹni tó di erè ńlá, ó sì rí ẹni tó ṣe bí òyìnbó. Kò sí ọmọ Yorùbá kan tí wọ́n bí ní erè tàbí ní òyìnbó. Agọ̀ bo ara òṣèré mọ́lẹ̀, ohun tó kù fún ojú láti rí ni ohun tí ó ti kọ́. Nítorí náà, bí ìbí tilẹ̀ ṣí ilẹ̀kùn agbo eré, ìdánrawò ló ń sọ ọmọ di aláré.

Ilẹ̀kùn náà ṣí sí i ní ọ̀rúndún ogún. Ní 1944, Hubert Ògúndé, tó ń ṣiṣẹ́ ọlọ́pàá nígbà náà, gbé eré Ọgbà Édẹ́nì àti Ìtẹ́ Ọlọ́run jáde fún ìjọ Aládùúrà kan ní gbọ̀ngàn Glover ní Èkó. Kọ́lá Ògúnmọ́lá ti inú iṣẹ́ olùkọ́ bọ́ sínú eré. Dúró Ládipọ̀, ọmọ ilé ìjọ Áńgílíkà, dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní Òṣogbo. Látìgbà náà, kì í ṣe ọmọ Ọ̀jẹ̀ nìkan ló lè ṣeré mọ́; ẹnikẹ́ni tó bá lóhùn, tó lè jó, tó sì lè sọ ìtàn, lè wá. Nígbà tí àwọn tó fẹ́ bá sì ti pọ̀ ju àyè tó wà lọ, ìdánwò kò ní ṣàìwà. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ orí ti wọlé.

Ẹ̀kọ́ Ifá ni pé kí ènìyàn tó wá sáyé, ó ti yan orí ní ilé Àjàlá, amọ̀kòkò ọ̀run. Àwọn orí kan jinná dáadáa, àwọn kan kò jinná, kò sì sí ẹni tó lè fi ojú lásán mọ èyí tó dára. Bólájí Ìdòwú, nínú ìwé rẹ̀ lórí Olódùmarè tó jáde ní 1962, to ọ̀nà tí ìpín gbà ń wá sí mẹ́ta: àkúnlẹ̀yàn, àkúnlẹ̀gbà àti àyànmọ́. Ẹni tó bá dúró síbẹ̀ lè rò pé ọ̀rọ̀ ti parí, pé ọmọ tó ní orí orin yóò kọrin, ẹni tí kò ní i kò gbọ́dọ̀ yọ ara rẹ̀ lẹ́nu. Ṣùgbọ́n Ifá kò dúró síbẹ̀. Ìtàn Ifá kan tí Wándé Abímbọ́lá ṣàlàyé nínú iṣẹ́ rẹ̀ sọ pé àwọn orí péjọ láti pinnu ohun kan, wọn kò sì pe ẹsẹ̀ sí ìpàdé. Ìpinnu wọn kò lè di ṣíṣe, nítorí kò sí ẹni tí yóò gbé wọn débi tí wọ́n ń lọ. Ẹsẹ̀ nínú ẹ̀kọ́ yìí ni akitiyan ènìyàn. Orí rere tí kò rí ẹsẹ̀ yóò jókòó sójú kan. Ọ̀dọ́ tó ní ohùn dídùn, tí kò sì kọ́ orin náà, ti ṣe ìpàdé orí láìpe ẹsẹ̀.

Ẹ̀sìn Ìsìláàmù, tó fìdí múlẹ̀ gan-an ní Ṣakí àti Ìsẹ́yìn, gba kádàrá gbọ́ gẹ́gẹ́ bí òpó ìgbàgbọ́. Síbẹ̀ Súrà An-Najm, ẹsẹ 39, kọ́ni pé ohun tí ènìyàn bá ṣiṣẹ́ fún ni yóò jẹ́ tirẹ̀. Hádíìsì tó gbajúmọ̀ náà sì sọ pé kí ẹni tó ni ràkúnmí kọ́kọ́ so ó mọ́lẹ̀, kí ó tó gbé ara lé Ọlọ́run. Òótọ́ ni pé àwọn àfáà kò fẹnu kò lórí orin àti ìlù. Àwọn kan kọ̀ ọ́, àwọn kan gbà á bí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ bá mọ́. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀dọ́ mùsùlùmí Yorùbá ti ń kọ wéré jí àwọn aláàwẹ̀ fún sààrì ọjọ́ pípẹ́ kó tó di pé Síkírù Àyìndé Barrister sọ ọ́ di fújì, ẹgbẹ́ wéré sì máa ń bá ẹgbẹ́ wéré díje. Kò sí ọmọ tó jókòó sílé kí kádàrá wá kọ́ ọ ní wéré.

Ní ti àwọn onígbàgbọ́, òwe tálẹ́ńtì nínú Mátíù orí 25 ni wọ́n máa ń tọ́ka sí. Ọmọ ọ̀dọ̀ tó gba tálẹ́ńtì kan kò ná an, kò sì pàdánù rẹ̀; ó kàn bò ó mọ́lẹ̀ ni, ìyẹn gan-an sì ni ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Mount Zion, ẹgbẹ́ eré onígbàgbọ́ tí Mike Bámilóyè dá sílẹ̀ ní 1985, fi àdúrà àti ààwẹ̀ ṣe apá kan ìgbaradì fún eré, wọn kò sì torí èyí fi ìdánrawò sílẹ̀. Ibi tí ẹ̀sìn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti pàdé nìyí: ẹ̀bùn ń bọ̀ láti òkè, àmúlò rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹni tí a fún. Ìgbaradì kì í ṣe ọ̀nà láti bá ìpín jà. Òun ni apá tí Elédùmarè fi sí ìkáwọ́ ènìyàn nínú ìpín náà.

Apá yìí pín sí ọ̀nà mélòó kan. Èkíní ni ohùn. Yorùbá jẹ́ èdè olóhùn, nítorí náà orin tó lọ sókè níbi tó yẹ kó lọ sílẹ̀ yóò sọ ohun mìíràn fún olùgbọ́. Ọ̀dọ́ ní láti ka ọ̀rọ̀ orin náà bí ọ̀rọ̀ lásán títí ìtumọ̀ rẹ̀ yóò fi yé e, kí ó tó kọ ọ́. Ẹni tó ń sọ ẹ̀ka-èdè Ọ̀ǹkò nílé, bí ọ̀pọ̀ ṣe ń sọ ọ́ ní Ìsẹ́yìn àti Òkehò, yóò mọ ìgbà tí eré ń fẹ́ Yorùbá àjùmọ̀lò àti ìgbà tí ó ń fẹ́ èdè ilé. Kò sí ìtìjú nínú èyíkéyìí. Nígbà ọyẹ́, tí afẹ́fẹ́ ọ̀dàn gbẹ tó sì kún fún eruku, ọ̀nà ọ̀fun tètè máa ń há, nítorí náà kí ó máa mu omi dáadáa, kí ó sì yé pariwo lórí pápá ní ọjọ́ tó ṣáájú ìdánwò.

Èkejì ni ara àti etí. Ijó Yorùbá kì í ṣe kí ènìyàn ka ìgbésẹ̀ lórí nìkan. Ìyáàlù ń sọ̀rọ̀, oníjó sì ń dá a lóhùn. Ẹni tó bá lọ jókòó ti àwọn onílù àdúgbò rẹ̀, tó ń fetí sí wọn, yóò gbọ́ ìgbà tí ìlù ní kí ó yí padà. Ẹ̀kẹta ni ìtàn eré náà lápapọ̀. Ó yẹ kí ó mọ ipa àwọn yòókù pẹ̀lú tirẹ̀, nítorí pé ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n bá mú ni yóò jẹ́ elégbè. Elégbè tó gbóhùn rẹ̀ ga ju ti ẹgbẹ́ lọ ti ba orin jẹ́, bó ti wù kí ohùn rẹ̀ dùn tó. Gbogbo iṣẹ́ yìí dà bí òwú tí ahunṣọ Ìsẹ́yìn ń ta kalẹ̀ kí ó tó ju ọ̀kọ̀: kì í gba ìyìn, ṣùgbọ́n láìsí i, kò sí aṣọ òfì.

Ẹ̀kẹrin ni ọkàn, òun ló sì jinlẹ̀ jù. Kí ọ̀dọ́ tó lọ, ó yẹ kí ó bi ara rẹ̀ bóyá ẹ̀rí ọkàn rẹ̀ lè gba ipa tí wọ́n lè fún un. Ní 1961, nígbà tí Dúró Ládipọ̀ fi ìlù ìbílẹ̀ sínú orin Àjíǹde ní ìjọ rẹ̀ ní Òṣogbo, àwọn kan nínú ìjọ bínú gidigidi. Ó gbé iṣẹ́ rẹ̀ jáde síta, ní 1962 ibùdó iṣẹ́ ọnà Mbárí Mbáyọ̀ bẹ̀rẹ̀, ní 1963 eré rẹ̀ Ọba Kòso jáde, níbi tí òun fúnra rẹ̀ ti ṣe Ṣàngó, ní 1964 wọ́n sì ṣe é ní ìlú Berlin. Ṣíṣe Ṣàngó lórí ìtàgé kì í ṣe bíbọ Ṣàngó, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ṣe olè nínú eré kò ṣe di olè. Ohun tó ń ya ìjọsìn sọ́tọ̀ kúrò nínú eré ni èrò ọkàn ẹni tó ń ṣe é àti àdéhùn tó wà láàárín òṣèré àti òǹwòran. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ọkàn rẹ̀ kò gbà á, tàbí tí òbí rẹ̀ kò fọwọ́ sí i, ní ẹ̀tọ́ láti sọ bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó pín ipa, àwọn olùdarí kò sì gbọ́dọ̀ fi ipá mú un. Àṣà ìjúbà kọ́ni ní nǹkan kan náà: aláré máa ń wárí fún àwọn tó ṣáájú kí ó tó la ẹnu, nítorí pé ẹ̀bùn rẹ̀ kò ti ọwọ́ òun nìkan wá.

Lẹ́yìn gbogbo èyí, wọ́n lè má mú un. Níhìn-ín ni ẹ̀kọ́ orí ti máa ń ṣìnà jù. Àwọn kan á ní orí ọmọ náà kò fẹ́ eré, wọ́n á sì pa á lẹ́nu mọ́ títí ayé. Bẹ́ẹ̀ ẹ̀kọ́ kan náà ló sọ pé kò sí ẹni tó lè fi ojú lásán mọ orí rere ní ilé Àjàlá. Bí kò bá ṣeé mọ̀ lọ́run, àwọn adájọ́ tó gbọ́ orin kan ní ọ̀sán kan kò lè mọ̀ ọ́n. Ohun tí wọ́n mọ̀ ni bí ohùn náà ṣe rí lọ́jọ́ náà àti bóyá ó bá ipa tó ṣófo mu. Nítorí náà, iṣẹ́ tiwọn ni kí wọ́n gbọ́ gbogbo ọmọ dọ́gba, láìwo ilé tí ó ti wá tàbí ẹ̀sìn tí ó ń ṣe, kí wọ́n sọ ohun tó kù díẹ̀ káàtó fún ẹni tí wọn kò mú, kí wọ́n má sì fi orí rẹ̀ ṣe ìdí. Ojúsàájú tí a dì sínú ọ̀rọ̀ kádàrá burú ju ojúsàájú lásán lọ, nítorí ó sọ Ọlọ́run di ẹlẹ́rìí èké.

Ẹni tí wọ́n mú náà ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀ láti kọ́. Bí ó bá ní iṣẹ́ òun nìkan ló gbé òun débẹ̀, ó ti gbàgbé ohùn tí kò rà, òbí tó jẹ́ kí ó lọ àti onílù tó kọ́ ọ. Bí ó bá ní orí òun nìkan ni, kò ní rí ìdí láti wá sí ìdánrawò ọjọ́ kejì. Yorùbá ní ọwọ́ ara ẹni la fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe. Èyí kò tako orí. Ó ń sọ ibi tí orí ti gbé iṣẹ́ lé ọwọ́ lọ́wọ́ ni. Ìdánwò lè sọ ẹni tí yóò dúró lórí ìtàgé ní ọdún yìí. Ohun tí ọ̀dọ́ kọ́ nígbà tó ń gbára dì, orin tó yé e, etí tó ń gbọ́ ìlù, ìfaradà àti ọ̀wọ̀ fún ẹgbẹ́, ti di tirẹ̀ kí orúkọ tó jáde, kò sì sí adájọ́ tó lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.