Ọ̀nà Kan Kò Wọ Ọjà

Kò sí òwe tí àwọn olóṣèlú wa ní Kwara fi ń gbèjà ara wọn tó èyí tí ó wí pé ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Bí ẹnìkan bá kọ ẹgbẹ́ tí ó gbé e dé ipò sílẹ̀ ní òwúrọ̀, tí ó sì di ọmọ ẹgbẹ́ mìíràn kí oòrùn tó wọ̀, òwe yìí ni yóò fi dáhùn. Bí a bá sì bi ẹni tí ń du ipò alága ẹgbẹ́ ní ìpínlẹ̀ pé èé ṣe tí kò fi wá àwọn tí yóò dìbò lọ, tí ó fi jẹ́ pé ilé àwọn àgbààgbà ni ó ń fi ẹsẹ̀ tò láti ìrọ̀lẹ́ títí di òru, òun kan náà ni yóò fi pa wá lẹ́nu mọ́. Òwe ni ẹṣin ọ̀rọ̀, lóòótọ́, ṣùgbọ́n Ìlọrin Àfọ̀njá tí a mọ̀ mọ́ ẹṣin mọ̀ pẹ̀lú pé ẹṣin tí a kò bá fa ìjánu rẹ̀ a máa gbé ẹni tí ó gùn ún lọ sí ibi tí kò rán an.

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ohun tí òwe náà ń wí gan-an, kí ó lọ sí Ọjà Tuntun ní ọjọ́ tí ọjà bá kún. Ará oko tí ó ti ìhà Asa gbé èlùbọ́ wá, oníkẹ̀kẹ́ tí ó já èrò sílẹ̀ láti Ọ̀fà Gàréèjì, ọlọ́kadà tí ó gba àárín ilé kọjá, ibi tí ó bá rọ oníkálukú lọ́rùn ni ó ń gbà wọlé, kò sì sí ẹni tí í bi wọ́n pé níbo ni ẹ gbà. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti wọlé tán, kóńgò kan náà ni a ó fi wọn èlùbọ́ fún gbogbo wọn: a ó bù ú títí yóò fi ga sókè bí òkìtì, ẹni tí ó bá sì fi àtẹ́lẹwọ́ nu orí rẹ̀ kúrò kí ó tó dà á sínú ọ̀rá oníbàárà, ariwo ni yóò gbà. Mo ti rí ọ̀kan nínú àwọn tí ń du ipò nínú ẹgbẹ́ tí ó wọ ọjà yìí, tí agbádá rẹ̀ ń gbá ilẹ̀, tí àwọn ọ̀dọ́ ń pariwo orúkọ rẹ̀ níwájú àti lẹ́yìn, tí ìyá ẹlẹ́lùbọ́ kan kò sì gbé ojú kúrò lórí kóńgò rẹ̀ tí ó fi wí pé, “Alájì, ẹ káàbọ̀ o, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa sọ fún àwọn ọmọ yín kí wọ́n má tẹ ọjà mọ́ wa nílẹ̀.” Alájì rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ìyá, ẹ má bínú, ẹ̀yin la tìtorí yín wá.” Bẹ́ẹ̀ ìyá náà kò ní ìbò kan nínú yíyan alága; àwọn aṣojú tí ń ti ìjọba ìbílẹ̀ 16 wá, tí gbòǹgbò wọn wà ní wọ́ọ̀dù 193 tí ń bẹ ní Kwara, ni wọ́n ni ọ̀rọ̀ náà.

Òwe yìí sọ ọ̀nà di púpọ̀, ṣùgbọ́n kò sọ ọjà di púpọ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyẹn, ibẹ̀ náà sì ni ọ̀pọ̀ àwọn tí ń pa á ti ń fò kọjá. Ní àwọn ọdún 1950, nígbà tí ẹgbẹ́ NPC gbilẹ̀ ní Àríwá, àwọn mẹ̀kúnnù ìlú yìí dá Ìlọrin Tálákà Parapọ̀ sílẹ̀, wọ́n bá Action Group ṣe, wọ́n sì fi ìbò gba ìgbìmọ̀ ìlú. Lẹ́yìn wọn ni Olóyè Olusola Saraki dé, ẹni tí ó mọ ọ̀nà ju ẹnikẹ́ni lọ. Ó gbé Adamu Attah di gómìnà nínú NPN ní 1979. Ní 1983, ó kẹ̀yìn sí i, ó ti Cornelius Adébáyọ̀ ti UPN lẹ́yìn, Attah sì kúrò níbẹ̀. Ó wà lẹ́yìn Mohammed Lawal nínú APP ní 1999. Ní 2003, ọmọ rẹ̀, Bukola, gba ipò náà lọ́wọ́ Lawal nínú PDP. Ní 2011, nígbà tí ó fẹ́ kí Gbemisola ọmọ rẹ̀ obìnrin di gómìnà, tí ọ̀nà PDP sì dí, ó bọ́ sí ACPN, ó sì fìdí rẹmi, nítorí pé Bukola wà lẹ́yìn Abdulfatah Ahmed. Ẹnikẹ́ni lè ka èyí sí àgàbàgebè, èmi náà kò sì ní bá a jiyàn títí. Ṣùgbọ́n bí Olóyè ti ń yí ọ̀nà padà tó, iwájú àwọn olùdìbò Kwara kan náà ni ó ń gbé ọjà rẹ̀ lọ, àwọn náà ni wọ́n sì wọ̀n ọ́n, tí wọ́n ní kò kún.

Ti ẹgbẹ́ APC kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Bukola Saraki fi ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ ní ọjọ́ 31 oṣù Keje ọdún 2018, àwọn aláṣẹ ní Àbújá tú ìgbìmọ̀ ìpínlẹ̀ ká, wọ́n fi Bashir Bolarinwa ṣe alága fìdíhẹ, àwọn tí Ishola Balogun-Fulani jẹ́ alága fún sì gba ilé ẹjọ́ lọ pé àwọn kò kúrò níbẹ̀. Ariwo ìdìbò “Ó tó gẹ́” ti ọdún 2019, tí a fi kọ agbára ìdílé Saraki, bo ìjà náà mọ́lẹ̀. AbdulRahman AbdulRazaq di gómìnà, gbogbo ènìyàn jó. Kò pẹ́ tí ìjà mìíràn fi hù. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2021 àwọn aláṣẹ ní Àbújá yọ Bolarinwa, wọ́n fi Abdullahi Samari rọ́pò rẹ̀. Nígbà tí ó sì di ọjọ́ 16 oṣù Kẹwàá ọdún náà, tí ó yẹ kí ẹgbẹ́ kan yan alága kan, ìpàdé ju ẹyọ kan lọ ni wọ́n ṣe ní Ìlọrin. Sunday Fagbemi ni Àbújá mọ̀ ní alága. Lára àwọn tí ó yapa, àwọn kan kọjá sínú SDP, níbi tí Hakeem Lawal, ọmọ Mohammed Lawal gómìnà àná, ti du ipò gómìnà ní 2023 tí kò sì rí i mú.

Ẹni tí kò rí ọ̀nà wọ ọjà, tí ó wá tẹ́ ọjà tirẹ̀ sí ẹ̀yìnkùlé, tí ó fi ìyàwó àti àbúrò rẹ̀ ṣe oníbàárà, òwe wa kò sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Kò tilẹ̀ mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n èmi kò ní fi ẹ̀bi lé e lórí kí n tó wo ẹni tí ó mú igi dábùú ọ̀nà. Ẹni tí ó bá wí pé ọ̀nà kan kò wọ ọjà ti fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ pé ọ̀nà tòun kọ́ ni ọ̀nà kan ṣoṣo. Bí ó bá wá di pé fọ́ọ̀mù kò dé ọwọ́ abánidíje rẹ̀, tí a sì gbé ibi ìpàdé kúrò níbi tí a kọ́kọ́ pè é sí láìwí fún ẹlòmíràn, ó ti sọ òwe tí ó fi wọlé di èké. Òun ni mo rí ní ẹlẹ́bi àkọ́kọ́. A ti rí ibi tí irú ìjà bẹ́ẹ̀ ń já sí ní Zamfara, níbi tí gómìnà àná Abdulaziz Yari àti Sẹ́nátọ̀ Kabiru Marafa ti jà títí tí ẹgbẹ́ APC kò fi lè yan ọmọ oyè lọ́nà òfin: Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ kéde ní ọjọ́ 24 oṣù Karùn-ún ọdún 2019 pé òfò ni gbogbo ìbò tí ẹgbẹ́ náà ní, wọ́n sì búra fún Bello Matawalle ti PDP.

Nítorí irú èyí ni Òfin Ìdìbò ọdún 2022 fi wí pé bí ẹgbẹ́ bá fẹ́ fi ìfẹnukò yan ọmọ oyè, dandan ni kí gbogbo àwọn tí wọ́n jọ ń du ipò náà kọ ọ́ sínú ìwé pé àwọn fúnra àwọn ni àwọn yọ̀ǹda. Bí ẹnìkan bá kọ̀, kí wọ́n padà sí ìbò. Ọ̀rọ̀ àwọn tí yóò jáde fún ìbò ìlú ni òfin náà ń sọ, kì í ṣe ti alága ẹgbẹ́. Ní ti ipò inú ẹgbẹ́, ìwé òfin APC gbà kí wọ́n fẹnu kò lórí ẹnìkan, ṣùgbọ́n ó ní kí wọ́n béèrè lọ́wọ́ àwọn tí ó pé jọ, bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí ó má baà jẹ́ pé ńṣe ni a gbé e karí wọn. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé náà gbà kí wọ́n fi ohùn dáhùn, níbi tí gómìnà àti àwọn kọmíṣánnà lè jókòó sí iwájú kí wọ́n máa wo ẹnu olúkúlùkù, aṣojú wo sì ni yóò wá kọ́kọ́ ké “bẹ́ẹ̀ kọ́” ní etí wọn? Ó yẹ kí wọ́n tún ìwé náà ṣe, kí ìdáhùn máa jẹ́ ìbò inú àpótí, tí ẹnìkan kò ní mọ ọwọ́ tí ó jù ú sí i.