Omi Tí A Fi Ẹ̀mí Pọn

Kíkà: 2 Sámúẹ́lì 23:13-17



Àwa obìnrin mọ ìnira omi pípọn. Nígbà tí omi kànga Bẹ́tílẹ́hẹ́mù wu Dáfídì, àwọn akíkanjú mẹ́ta la àárín ọ̀tá kọjá láti pọn ọ́n wá. Dáfídì kò mu ún. Ó tú u sílẹ̀ fún Olúwa, nítorí ẹ̀mí wọn ni wọ́n fi wewu.

Ẹ jẹ́ kí a wo irú rẹ̀ láyé òde òní. Ní 1980, àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà fẹ́ lọ gba àwọn ènìyàn wọn tí a há mọ́ Ìráànì. Iṣẹ́ náà forí ṣánpọ́n, ọmọ ogun 8 sì kú nínú aṣálẹ̀. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe dá ẹgbẹ́ awakọ̀ òfuurufú kan sílẹ̀, tí à ń pè ní 160th, tí wọ́n kọ́ láti máa fò lóru.

Michael Durant wà nínú wọn. Ní ọjọ́ 3 oṣù October 1993, wọ́n yìnbọn lu hẹlikópítà rẹ̀ ní Mogadishu, ní Sòmálíà. Itan rẹ̀ ṣẹ́, eegun ẹ̀yìn rẹ̀ sì fara pa. Ológun méjì, Gary Gordon àti Randall Shughart, rí i láti òkè. Wọ́n bẹ̀bẹ̀ kí a sọ̀ wọ́n kalẹ̀ láti dáàbò bò ó. Ẹ̀ẹ̀mejì ni a kọ̀ fún wọn. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta a gbà. Àwọn méjèèjì kú síbẹ̀. A mú Durant, a sì dá a sílẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ 11. Ó padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀ títí ó fi fẹ̀yìntì ní 2001.

A kò yin ogun o. Ọ̀pọ̀ ìyá ní Sòmálíà náà sunkún ọmọ lọ́jọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a bi ara wa: ta ló pọn omi tí àwa ń mu? Ìyá tó ta aṣọ òkè rẹ̀ kí a lè kàwé ńkọ́? Ẹ̀gbọ́n tó fi ilé ìwé sílẹ̀ nítorí àbúrò ńkọ́? Àwọn mìíràn ti darúgbó, a kì í sì í bẹ̀ wọ́n wò. Ju gbogbo wọn lọ, Jésù Olúwa wa ńkọ́, ẹni tí kò sí ẹni tó fipá mú un lọ sórí àgbélébùú?

Irú omi bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun tí à ń fi ṣòfò. Kí ìpàdé wa tó ń bọ̀ tó pé, kí olúkúlùkù wa bẹ ẹnìkan wò tó ti pọnmi fún un rí.

Olúwa, má jẹ́ kí a gbàgbé oore. Àmín.