Kẹ̀kẹ́ ní Ọ̀nà Ẹlẹ́sẹ̀: Ṣé Kí A Wí Ni, Tàbí Kí A Dákẹ́?

Ní ọdún 1835 ni òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ka ẹṣin àti ọkọ̀ léèwọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ títì tí a là fún ẹlẹ́sẹ̀. Ní 1888 ni òfin ka kẹ̀kẹ́ ológeere náà mọ́ ọkọ̀. Ní 1999, ìtanràn ojú ẹsẹ̀ di £30, ṣùgbọ́n mínísítà Paul Boateng sọ pé kì í ṣe nítorí ẹni tí ìbẹ̀rù ọkọ̀ lé débẹ̀, tí ó sì ń ṣọ́ra, ni a ṣe gbé e kalẹ̀.

Ǹjẹ́ ó yẹ kí ẹlẹ́sẹ̀ bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ wí? Ó yẹ. Ẹni tí ń sá fún ikú kò jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n kò tọ́ kí a gbé ewu orí wa karí ẹni tí kò lágbára tó wa. Afọ́jú kò rí kẹ̀kẹ́. Adití kò gbọ́ aago rẹ̀. Ẹni tí ẹ̀rù ń bà lè sọ̀ kalẹ̀, kí ó máa taari kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.

Ṣùgbọ́n ẹnu ni kí a fi wí, kì í ṣe ọwọ́. Ẹni tí a bá tì lórí kẹ̀kẹ́ lè ṣubú sábẹ́ ọkọ̀. Nígbà náà, abániwí ni ó di ọ̀daràn. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò. Ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó.